Ẹ̀yìn Tó Ń Dùn, Ìwé Tí Kò Sọ̀rọ̀: Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà

Nínú gbogbo àìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tìtorí rẹ̀ sanwó fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì rẹ̀, ariwo tó ń hó nínú etí ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dídùn àti ìpalára iṣan tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀ kò jìnnà sí i, àwọn méjèèjì sì máa ń wà láàárín àwọn mẹ́wàá tó ṣáájú nínú ìròyìn ọdọọdún tí iléeṣẹ́ tó ń san owó náà ń gbé jáde. Iléeṣẹ́ yìí ni Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì, tí tọmọdé tàgbà ń fi lẹ́tà méjì pè ní VA; ọdún 1930 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ, ọdún 1989 ni ó sì di iléeṣẹ́ ńlá tí olórí rẹ̀ ń bá Ààrẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀. Owó tó ń san fún àìlera tí iṣẹ́ ogun fà ni Yorùbá lè pè ní owó gbà-má-bínú, orúkọ náà sì bá a mu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ni inú ń bí, kì í ṣe sí ogun tó pa wọ́n lára, bí kò ṣe sí lẹ́tà tó sọ fún wọn pé ogun kò pa wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀.

Kí owó náà tó lè dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ohun mẹ́ta ni òfin ń béèrè. Àkọ́kọ́ ni pé kí àìlera náà wà lára onítọ̀hún lónìí. Èkejì ni pé kí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun, ìbáà ṣe ìṣubú, ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí àìsàn. Ẹ̀kẹta ni pé kí okùn kan so èkejì mọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé kí onímọ̀ ìṣègùn lè sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ló bí ohun tó ń ṣe é báyìí. Ní ti ẹni tí bọ́ǹbù gé lẹ́sẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níta gbangba, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Ní ti ẹlẹ́yìn dídùn, àkọ́kọ́ nìkan ló sábà máa ń rọrùn láti fi hàn, nítorí pé ẹ̀yìn kì í sábà bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìgbà tí ikán ń jẹ òpó ilé tí ará ilé kò sì mọ̀ títí òpó náà fi tẹ̀.

Ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn jẹ́ oríkèé eegun tí a tò léra, tí ohun rírọ̀ kan bíi tìmùtìmù sì wà láàárín oríkèé kan sí èkejì láti máa gba ìwúwo ara. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí ara bá ń fi agbára já lulẹ̀ léraléra, tìmùtìmù náà lè yọ kúrò ní àyè rẹ̀, kí ó sì tẹ iṣan ìmọ̀lára tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ìyẹn iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ara tó sì ń gbé ìròyìn ara padà wá fún ọpọlọ, tó yàtọ̀ pátápátá sí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Nígbà náà ni ìrora tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdí yóò máa gba itan sọ̀kalẹ̀ lọ sí ojúgun, tí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò máa kú tipiri, tàbí tí yóò máa ta onítọ̀hún bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Èyí tó nípọn jù nínú àwọn iṣan wọ̀nyí, tó gba ìdí lọ sí ẹ̀yìn itan, ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní sciatic, òun gan-an ni ìwé òfin VA sì fi ń díwọ̀n ìyà tí ẹsẹ̀ ń jẹ. Kò sí ohun ìyanu nínú pé àwọn ọmọ ogun ni èyí ń bá jà: àwọn tí ń fi pàráṣúùtù bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfúrufú, àwọn tí ń fi wákàtí púpọ̀ jókòó nínú ọkọ̀ ogun tó ń gba ojú ọ̀nà jágajàga, àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gbé ẹrù ogun lórí ẹ̀wù ayẹta, ti amọ̀ sísun ni o, kì í ṣe ti oníṣègùn tí àwọn baba ńlá Yorùbá ń wọ̀ lọ sójú ogun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọ́ ni ìwé ìtọ́jú tó wá láti inú iṣẹ́ ogun. Nínú àgọ́ ọmọ ogun, ẹni tó bá ń tò síwájú dókítà ní gbogbo òwúrọ̀ kì í pẹ́ gba orúkọ ọ̀lẹ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń gbé oògùn ìrora mì tí wọ́n á sì tún gbé ẹrù, wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kúrò, tí wọ́n sì gbé fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ìkẹyìn síwájú wọn, àwọn kan á fàmì sí i pé kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n, kí wọ́n lè tètè padà sílé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́, ìwé kan náà ni yóò jáde láti jẹ́rìí takò wọ́n. Ọgbọ́n tí òfin dá sí èyí wà, ó sì ṣe pàtàkì: ní ọdún 2006, nínú ẹjọ́ Buchanan, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ pinnu pé VA kò lè torí pé ìwé ìtọ́jú ìgbà náà kò sí nìkan kó da ẹ̀rí ẹnu ajagunfẹ̀yìntì nù. Ẹ̀rí ẹnu yìí kì í ṣe ti onítọ̀hún nìkan. Lẹ́tà tí ìyàwó rẹ̀ kọ, ti ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá nínú àgọ́, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rí i kí ó tó lọ tí ó sì tún rí i nígbà tó dé, gbogbo wọn ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá sọ ohun tí ojú wọn rí, tí wọn kò sì sọ ara wọn di dókítà.

Fún àwọn tó ti dàgbà, àìsí ìwé kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀bi wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná jó ilé tí ìjọba ń kó fáìlì àwọn ọmọ ogun pamọ́ sí nílùú St. Louis, fáìlì tó jóná sì tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 1912 sí 1960, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣòfò. Ilé ẹjọ́ ti sọ pé níbi tí fáìlì bá ti jóná sọ́wọ́ ìjọba, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ìjọba láti ran onítọ̀hún lọ́wọ́ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kò lè sọ eérú di ìwé padà.

Bí a bá kúrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, a ó dé orí okùn tó so ó mọ́ àìlera òní, ibí ni òfin sì ti ṣàánú àwọn ajagunfẹ̀yìntì ju bí ó ti ń ṣàánú ẹlẹ́jọ́ lásán lọ. Ẹ̀rí wọn kò ní láti borí pátápátá; bí òṣùwọ̀n bá ti dúró gbọọrọ láìtẹ̀ sí apá kan, tí iyèméjì sì wà, ti ajagunfẹ̀yìntì ni iyèméjì náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ohun tí dókítà ní láti kọ kò ju pé ó ṣeé ṣe, ó kéré tán bákan náà pẹ̀lú àìṣeéṣe rẹ̀, pé iṣẹ́ ogun ló fa àìlera náà. Síbẹ̀, gbólóhùn kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà tó fẹ́ ṣoore kì í rí kọ dáadáa. Ẹni tó kọ̀wé pé "ó lè jẹ́ iṣẹ́ ogun ló fà á" rò pé òun ti ṣèrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n létí VA, ohun tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà náà kò sì wúwo ju ìyẹ́ lọ. Lẹ́tà tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí dókítà ti sọ pé òun ka fáìlì, tí ó sọ ìdí tí òun fi gbà bẹ́ẹ̀, tí ó sì dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò béèrè láìpẹ́: ṣé ọjọ́ orí kọ́ ló fà á, àbí iṣẹ́ tí onítọ̀hún ṣe lẹ́yìn ogun? Ìbéèrè kejì yìí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jagun fún Amẹ́ríkà gidigidi, nítorí pé àwọn kan nínú wọn wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ tí gbígbé ènìyàn sókè sílẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì ṣòro fún aláyẹ̀wò VA láti di ẹ̀bi gbogbo rù ú.

Nígbà tí VA bá wá gbà pé iṣẹ́ ogun ló fa àìlera náà, ìjà tó le jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ìyẹn ìjà lórí iye tí àìlera náà tó. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 ni òfin kan ṣoṣo ti ń díwọ̀n gbogbo ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn, igun tí ara lè tẹ̀ dé sì ni pàtàkì ohun tó ń wò. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ dá ṣáṣá lè tẹ̀ síwájú dé ìwọ̀n dígírì 90. Bí ẹnìkan bá tẹ̀ kọjá 60 ṣùgbọ́n tí kò kọjá 85, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń fún un. Bí ó bá kọjá 30 tí kò kọjá 60, ìdá 20. Bí kò bá lè kọjá 30, ìdá 40. Kí ẹnìkan tó lè gba ìdá 50 lórí ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé ìdí, gbogbo ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gan pa sí ipò tí kò dára, èyí tó ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ìdá 40 ni òkè àjà fún ọ̀pọ̀ jùlọ ènìyàn. Ọ̀nà kejì tí òfin là fún àwọn tí tìmùtìmù wọn bàjẹ́ ni kíka ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi dùbúlẹ̀ láàárín ọdún kan, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè mú ìdá 60 wá, ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí dókítà pa láṣẹ. Ọ̀nà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀nà òkú báyìí, nítorí pé àwọn dókítà òde òní kì í sábà ní kí ẹlẹ́yìn dídùn máa sùn kalẹ̀ mọ́. Rírìn ni wọ́n ń sọ pé kí ó máa rìn. Òfin ń béèrè ìwé àṣẹ fún ìtọ́jú tí ìmọ̀ ìṣègùn ti ń sá fún.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn igun náà kò ju rúlà alápá méjì tí a so pọ̀ níbi kan lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni wọ́n fi ń lò ó, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹ̀yìn yóò dára tàbí kò ní dára lọ́jọ́ náà. Yorùbá ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọmọkùnrin tí kò lè dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ mọ́, tó wá ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tàbí tó ń tẹrí ba lásán nígbà tí gbogbo ẹbí ń wò ó, ti fi ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ pàdánù hàn ju bí rúlà yóò ti fi hàn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí ó kúnlẹ̀ tí ó di dandan kí ẹnìkan fà á dìde. Irú ẹ̀rí yìí, bí àbúrò tàbí aya bá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wúlò níwájú òfin Amẹ́ríkà, nítorí pé ohun tí òfin náà sọ pé òun ń díwọ̀n gan-an ni bí àìlera ṣe dí iṣẹ́ àti ìgbé ayé ojoojúmọ́ lọ́wọ́.

Àwọn ilé ẹjọ́ ti gbìyànjú láti mú kí rúlà náà ní àánú. Ní ọdún 1995, nínú ẹjọ́ DeLuca, wọ́n pàṣẹ pé aláyẹ̀wò kò gbọdọ̀ dúró lórí igun nìkan, ó gbọ́dọ̀ wo ohun tí ìrora, àárẹ̀ àti àìlágbára ń gbà kúrò lára onítọ̀hún, àti bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí àìsàn bá ru sókè. Ní ọdún 2017, nínú ẹjọ́ Sharp, wọ́n tún sọ pé kò tó kí aláyẹ̀wò kọ ọ́ pé òun kò lè sọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tó bá ru sókè nítorí pé kò ru sókè lójú òun. Ó gbọ́dọ̀ bi onítọ̀hún léèrè, kí ó wo fáìlì, kí ó sì fojú díwọ̀n rẹ̀. Ní ọdún 2018 ni èyí tó tóbi jù dé, nínú ẹjọ́ Saunders, nígbà tí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ pinnu pé ìrora fúnra rẹ̀, bí ó bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, lè jẹ́ àìlera lábẹ́ òfin bí dókítà kò tilẹ̀ rí àrùn kan pàtó tí yóò fún lórúkọ. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi ń lé àwọn tí ara ń ro padà sílé pé ìrora wọn kò ní orúkọ.

Nínú gbogbo rẹ̀, apá tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì ń gbàgbé jù ni ti iṣan ìmọ̀lára. Òfin sọ ọ́ kedere pé ìpalára iṣan tó bá ti ara ọ̀pá ẹ̀yìn wá gbọ́dọ̀ gba ìdá tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ òsì lọ́tọ̀, àpò ìtọ̀ tí kò gbọ́ràn mọ́ pàápàá lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe fi nọ́ńbà wọn ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi wọn iṣan: bí ìpalára iṣan sciatic bá fúyẹ́, ìdá 10, bí ó bá mọ níwọ̀n, 20, bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ le, 40, bí ó bá le tí ẹran ẹsẹ̀ sì ti rù gan-an, 60, bí ẹsẹ̀ bá ti rọ pátápátá tí ó ń wọ́ nílẹ̀, 80. Kò sí ibì kan tí ìwé òfin ti sọ ohun tí "mọ níwọ̀n" jẹ́. Ó fi kún un pé bí ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ bá jẹ́ ti ìmọ̀lára nìkan, bíi kíkú tipiri àti títa, kò lè kọjá èyí tó mọ níwọ̀n. Nítorí náà ẹni tí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dín kù, tí kò lè fi ìka ẹsẹ̀ dúró mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré sí èkejì, gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sọ fún aláyẹ̀wò pé ẹsẹ̀ òun ń kú nìkan, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ìṣirò tí wọ́n fi ń pa àwọn ìdá wọ̀nyí pọ̀ tún máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ká ní ẹ̀yìn gba 40, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba 20. Ẹni tó bá fi ìṣirò ọjà ṣe é yóò ní 80 ni. VA kì í ro ó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n á kọ́kọ́ pa pọ̀: ẹni tó ti pàdánù 20 ku 80, ìdá 20 nínú 80 náà jẹ́ 16, àpapọ̀ rẹ̀ di 36, nítorí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, wọ́n á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ kún un, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 40. Ẹ̀yìn tó gba 40 fi 60 sílẹ̀, 40 nínú 60 jẹ́ 24, àpapọ̀ di 64, wọ́n á sì kà á sí 60. Lábẹ́ iye owó ọdún 2025, ajagunfẹ̀yìntì tí kò ní aya tàbí ọmọ lórí ìwé ń gba dọ́là 774.16 lóṣù fún ìdá 40, ó sì ń gba dọ́là 1,395.93 fún 60, láìsan owó orí. Ìyàtọ̀ náà ni iye tí ẹsẹ̀ méjì tí a gbàgbé láti dárúkọ ń ná ènìyàn lóṣooṣù. Ohun mìíràn tí kò hàn sí ojú lásán ni pé nítorí tí ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ náà jẹ́ ọmọ ìyá kan, òfin lè kà wọ́n sí àìlera ẹyọ kan tó tó 60, ẹni tí ara rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó rí iṣẹ́ tó ń bọ́ ènìyàn ṣe mọ́ lè ti ibẹ̀ béèrè pé kí wọ́n máa san owó ìdá 100 fún òun, èyí tó jẹ́ dọ́là 3,831.30 lóṣù ní ọdún náà.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ni ọjọ́ tí gbogbo èyí ń dá lé. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò yìí ni VA ti gbé fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, aláyẹ̀wò tí onítọ̀hún kò rí rí ni yóò sì bá pàdé. Àwọn ọmọ Yorùbá ní ìṣòro tiwọn níbí, tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Bí wọ́n bá bi Yorùbá léèrè pé báwo ni ara, ìdáhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré ni pé a dúpẹ́, nítorí pé ẹni tó ń ráhùn lójú àlejò kò ní ẹ̀kọ́, a sì gbà pé ẹnu ẹni la fi ń kọ àìsàn. Ìkíni lásán ni Yorùbá mọ̀ ọ́n sí. Aláyẹ̀wò Amẹ́ríkà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé onítọ̀hún sọ pé ara òun yá. Bí a bá fi ìkóra-ẹni-níjàánu tí iṣẹ́ ogun fi kọ́ ènìyàn kún un, àti ìtìjú tó wà nínú kí a pe ọkùnrin ní aláàbọ̀ ara, kò ní ṣòro láti rí ìdí tí ìwé àyẹ̀wò ẹlòmíràn fi dára ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ní kí ó purọ́. Ìbéèrè nípa ọjọ́ tó burú jù ni kí ó fi ọjọ́ tó burú jù dáhùn.

Nígbà tí lẹ́tà ìpinnu bá dé tí kò sì tẹ́ni lọ́rùn, ọdún kan ni òfin fi sílẹ̀ láti ṣe nǹkan sí i. Òfin tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2019, la ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni kí ènìyàn mú ẹ̀rí tuntun tó kan ọ̀rọ̀ náà wá, kí VA tún un wò; èkejì ni kí òṣìṣẹ́ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ tún fáìlì kan náà yẹ̀ wò láìsí ẹ̀rí tuntun kankan, kìkì ìpè kan lórí fóònù níbi tí a ti lè fi àṣìṣe hàn án; ẹ̀kẹta ni kí ọ̀rọ̀ lọ síwájú adájọ́ ní Ìgbìmọ̀ Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti VA, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1933, níbi tí onítọ̀hún ti lè yàn bóyá kí adájọ́ wo fáìlì bó ṣe wà, kí òun fi ẹ̀rí kún un láàárín 90 ọjọ́, tàbí kí òun fojú rinjú pẹ̀lú rẹ̀. Yíyan ọ̀nà ni ọgbọ́n wà, púpọ̀ ló sì ń yan èyí tí kò bá àìsàn wọn mu. Bí àṣìṣe bá hàn lójú ìwé, bíi kí aláyẹ̀wò máà béèrè rárá nípa ìgbà tí ẹ̀yìn ń ru sókè, ọ̀nà kejì ló yá, nítorí pé òṣìṣẹ́ àgbà náà lè dá ọ̀rọ̀ padà fún àyẹ̀wò tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kò sí ìwé kankan nínú fáìlì tó sọ pé iṣan ẹsẹ̀ ní ìpalára, ọ̀nà kejì kò lè bí ohun tí kò lóyún. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi iná mànàmáná dán iṣan wò àti lẹ́tà dókítà ni kí ènìyàn lọ wá, kí ó sì gba ọ̀nà kìíní. Ti Ìgbìmọ̀ máa ń pẹ́, ó sì dára jù fún ọ̀rọ̀ tó dá lórí bóyá ẹ̀rí ẹnu onítọ̀hún ṣeé gbà gbọ́. Ohun tó ṣe kókó ni pé ẹni tí kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá láàárín ìpinnu kan sí èkejì kò pàdánù ọjọ́ tó kọ́kọ́ béèrè, bí ó bá sì borí nígbẹ̀yìn, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń san án.

Lẹ́yìn Ìgbìmọ̀ ni ilé ẹjọ́ tó wà ní Washington, tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ajagunfẹ̀yìntì nìkan, ọjọ́ 120 péré sì ni wọ́n fún ènìyàn láti dé ibẹ̀. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988, kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó lè yẹ ìpinnu VA wò. Ohun tí iléeṣẹ́ náà bá sọ ni abẹ gé. Láti ọdún 1864 títí di ọdún 1988 kan náà, agbẹjọ́rò kò sì gbọdọ̀ gbà ju dọ́là 10 lọ lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, owó tí ó tó nǹkan nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n tí ó ti di ọ̀nà tí wọ́n fi ń lé agbẹjọ́rò sá nígbà tó yá. Lónìí, wọn kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ fún ìbéèrè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, ìdá 20 nínú owó tí VA jẹ onítọ̀hún sẹ́yìn ni òfin kà sí èyí tó bójú mu, ó sì ń fura sí ohun tó bá kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì bíi DAV, American Legion àti VFW ń bá ènìyàn ṣe ẹjọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó yẹ kí ènìyàn sá fún ni àwọn iléeṣẹ́ tí VA kò fọwọ́ sí, tí wọ́n ń ṣèlérí ìdá 100 tí wọ́n sì ń fi owó oṣù púpọ̀ ṣe iye wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá bí ó ti jọ. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú lè wọ iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà, àṣẹ tí Ààrẹ Bush pa ní oṣù Keje ọdún 2002 sì jẹ́ kí ó tètè di ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ètò MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àjèjì wọ iṣẹ́ ogun nítorí èdè tàbí ìmọ̀ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí gba ènìyàn ní ọdún 2009, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò, kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2016. Àwọn kan nínú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ á fẹ̀yìntì, wọn á sì fẹ́ padà wá gbé nílé. Owó gbà-má-bínú ń tẹ̀lé wọn dé Nàìjíríà, nítorí pé òfin kò fi àdúgbò dí i lọ́wọ́. Ìtọ́jú pẹ̀lú ń tẹ̀lé wọn, lábẹ́ ètò tí VA ń fi san owó ilé ìwòsàn fún àwọn tó ń gbé lókè òkun, ṣùgbọ́n àìlera tí VA ti gbà pé iṣẹ́ ogun fà ni ètò náà wà fún, kì í ṣe gbogbo ara. Bí lẹ́tà ìpinnu bá dárúkọ ẹ̀yìn tí kò dárúkọ iṣan, owó ìtọ́jú ẹ̀yìn ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta lè padà bọ̀ sọ́wọ́ ajagunfẹ̀yìntì náà, ti ẹsẹ̀ sì lè di ẹrù tirẹ̀, títí ẹnìkan yóò fi kọ orúkọ ẹsẹ̀ náà síbẹ̀.